Ṣáàsì Ọkọ̀ Ìdíje: Ohun Tó Ń Fa Àríyànjiyàn Lórí Egungun Ọkọ̀ Tí Táyà Rẹ̀ Wà Níta

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́bàá títì Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ní Uso, kò ní pẹ́ tí agbégilódò kan á fi kọjá. Orí ọkọ̀ náà lè jẹ́ pákó tí kápẹ́ńtà kàn, wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀dà ara ẹ̀ sì lè ti di oríṣiríṣi. Síbẹ̀, bí ọlọ́pàá tàbí àwọn VIO bá dá a dúró, nọ́ńbà ṣáàsì ni wọ́n máa wò láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ tó wà nínú ìwé náà ni wọ́n ń wò. Bọ́dì lè yí padà, ẹ́ńjìnnì lè yí padà. Ṣáàsì ni ọkọ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ṣáàsì yìí náà ló ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ìdíje lókè òkun. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Formula 1 ní ọdún 2026 sọ pé kí ọkọ̀ kúrú, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ IndyCar ti kéde pé ṣáàsì tuntun máa jáde ní 2028. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo ìdíje wọ̀nyí lórí DSTV tàbí lórí fóònù lè máa béèrè pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ egungun ọkọ̀ fi ń di ìjà tó báyìí, tí wọ́n á fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lé e lórí, tí awakọ̀ tó ti gba ife-ẹ̀yẹ á fi máa bínú sí ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀. Ohun méjì ló fà á: owó, àti ẹ̀mí ènìyàn. Kò sì sí ọkọ̀ tó fi èyí hàn tó èyí tí wọ́n jiyàn lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 2010.

Àkàbà, páànù, òwú dúdú

Ṣáàsì lọ́rì dà bí àkàbà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀: irin gígùn méjì, pẹ̀lú àwọn irin kéékèèké tó dábùú láàárín wọn. Ẹ́ńjìnnì, táyà, bọ́dì, ara ẹ̀ ni gbogbo wọn so mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi lè ra Bedford tí kò ní bọ́dì, kí wọ́n gbé e fún kápẹ́ńtà, kó kan bọ́lẹ̀kájà lé e lórí. Mólúè Èkó náà, orí ṣáàsì lọ́rì Mercedes 911 ni àwọn wẹ́dà ti ń kọ́ ọ. Ìdí kan náà ló sì fi léwu tí wọ́n bá gé ṣáàsì lọ́rì láàárín, tí wọ́n fi irin mìíràn gùn ún kó lè kó ẹrù sí i. Iná wẹ́dà máa ń sọ irin di aláìlágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó bá ti jó o, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ya lọ́jọ́ tí ẹrù bá pọ̀ jù. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà tó mọṣẹ́, wọ́n á sọ fún un bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Ọkọ̀ ìdíje náà ti lo irú àkàbà yìí rí, lẹ́yìn náà ló wá kan páìpù tí wọ́n jó pọ̀ bí àgò adìyẹ. Ní 1962 ni Colin Chapman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé Lotus 25 jáde. Kò lo àgò páìpù mọ́. Páànù alumíníọ̀mù ló kàn pọ̀ bí àpótí gígùn, awakọ̀ á wá nà gbalaja sínú ẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ara ọkọ̀ náà ló di egungun ẹ̀, bí ìgbín tó jẹ́ pé ìkarahun ẹ̀ ni ilé ẹ̀. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, kò sì ń yí bí ó bá wọ kọ́nà. Jim Clark fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1963, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ẹgbẹ́ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tiẹ̀.

Àríyànjiyàn ńlá tó tẹ̀lé e ni ti 1981. John Barnard, ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ fún McLaren, fi carbon fibre ṣe ṣáàsì dípò alumíníọ̀mù. Carbon fibre jẹ́ òwú dúdú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọ́n á hun ún bí aṣọ, wọ́n á fi oje bíi gọ́ọ̀mù pa á, wọ́n á wá yan án nínú ààrò títí á fi le, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú irin, agbára tiẹ̀ pọ̀ ju ti irin lọ dáadáa. Àwọn alátakò ní ó lè le lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá gbá ògiri, ṣe ló máa fọ́ túútúú bí àwo tánganran pẹ̀lú awakọ̀ nínú ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, John Watson fi ọkọ̀ náà kọ lu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Monza, ní Ítálì. Ẹ́ńjìnnì já kúrò lára ọkọ̀, ó lọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Watson jáde, ó sì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àwo tánganran ti bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́.

Táyà tí kò ní mọ́dígáàdì

Kí ẹni tí kò mọ̀ nípa eré yìí lè tẹ̀lé ohun tó kù, ó yẹ ká sọ ọ̀rọ̀ táyà. Ọkọ̀ ilé ní mọ́dígáàdì lórí táyà. Ọkọ̀ Formula 1 àti ti IndyCar ò ní in. Ìta ni táyà wọn wà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹwà wọn nìyẹn, àbùkù wọn náà sì nìyẹn.

Ẹ wo táyà tó ń yí lọ síwájú. Iwájú ẹ̀ ń bọ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ń lọ sókè. Tí iwájú táyà ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá wá kan ẹ̀yìn táyà ọkọ̀ tó wà níwájú, èyí tó wà níwájú á gbá tẹ̀yìn sókè, tẹ̀yìn náà á sì máa gùn ún bí ẹni gun àkàbà. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ á fò. Ọkọ̀ tó sì ti fò sókè ò ní bíréèkì, kò ní sítíárín, ibi tó bá wù ú ló máa balẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ danfó méjì ló ra ara wọn bẹ́ẹ̀, ìbàjẹ́ bọ́dì àti èébú ni ọ̀rọ̀ náà máa mọ.

Bí wọ́n ṣe yan ṣáàsì ní 2010

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2010, gbogbo ẹgbẹ́ tó ń sáré ní IndyCar ló ń lo ọkọ̀ Dallara, ilé-iṣẹ́ Ítálì kan, ọkọ̀ náà sì ti gbó. Òǹwòran ní gbogbo ọkọ̀ jọra jù, àwọn ẹgbẹ́ sì ní owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn aláṣẹ ní kí ẹni tó bá ní àwòrán ọkọ̀ tuntun mú un wá. Márùn-ún ló wá: Dallara fúnra wọn, Lola, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, Swift láti California, BAT, tó jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àbísọ àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀, Ashmore, Mertens àti Wardrop, ni wọ́n fi sọ ọ́, àti DeltaWing.

DeltaWing yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ben Bowlby ló ya àwòrán ẹ̀, wọ́n sì fi hàn ní ìpàtẹ ọkọ̀ ní Chicago ní oṣù kejì 2010. Iwájú ẹ̀ tín-ín-rín bí ẹnu ọfà, táyà iwájú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, ẹ̀yìn ẹ̀ ló fẹ̀. Kò ní ìyẹ́ ńlá níwájú, kò ní lẹ́yìn. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn sọ pé ọkọ̀ náà máa gbé ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, á jẹ ìdajì epo, yóò sì sáré bákan náà. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ béèrè pé ṣé ọkọ̀ ìdíje nìyí àbí ọkọ̀ òfuurufú tí wọn ò so apá fún. Ká sọ tòótọ́, ó burẹ́wà. Ṣùgbọ́n nínú márààrún, òun nìkan ló dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í, pé kí wọ́n mú ohun tuntun wá.

Àwọn aláṣẹ gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kalẹ̀ tí wọ́n pè ní ICONIC. Ọ̀gágun William Looney, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, ni alága. Gil de Ferran, tó ti gba ìdíje Indianapolis 500 rí, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Tony Purnell, tó ti jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ Formula 1. Iyàn tó wà níwájú wọn kì í ṣe ti ọkọ̀ tó sáré jù. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: ṣé kí ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú wá máa bá ara wọn díje pẹ̀lú ṣáàsì wọn, àbí kí ẹyọ kan ṣoṣo ṣe fún gbogbo ayé?

Ọ̀rọ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Tí ilé-iṣẹ́ bá pọ̀, ọgbọ́n á pọ̀, ojú òǹwòran á sì rí oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n bí ṣáàsì ẹnì kan bá fi díẹ̀ dára ju ti àwọn yòókù lọ, gbogbo ẹgbẹ́ olówó á sá lọ rà á, ẹgbẹ́ tálákà tó ti náwó sórí òmíràn á sì di ẹni tó ń jẹ eruku. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni orúkọ ilé-iṣẹ́ ń dín kù títí ó fi ku ẹyọ kan. Bó bá sì jẹ́ pé ẹyọ kan ló ń ṣe fún gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, owó á dín kù, ẹni tó bá sì borí, awakọ̀ gidi ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Ugo Ugochukwu, ọmọ Oluchi Onweagba, ọmọ Nàìjíríà tó gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ àfihàn aṣọ, gba ìdíje Macau ní 2024, ṣáàsì Tatuus kan náà ni òun àti gbogbo àwọn tó lé kẹ́yìn lò. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọkọ̀ ẹ̀ ló bá a gba ife.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje 2010, ìgbìmọ̀ náà sọ ìpinnu wọn, ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n pín ọkọ̀ sí méjì. Dallara nìkan ni yóò máa ṣe ṣáàsì, ìyẹn àpótí tí awakọ̀ ń jókòó sí, fún gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́dì, ìyẹn ìyẹ́ iwájú àti tẹ̀yìn pẹ̀lú ìbòrí ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ́ńjìnnì, ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú lè ṣe é. Ṣáàsì lásán jẹ́ dọ́là 349,000. Pẹ̀lú bọ́dì Dallara, ó di 385,000. Ẹni tó bá fẹ́ ta bọ́dì tiẹ̀ ò gbọdọ̀ tà á ju dọ́là 70,000 lọ. Dallara ṣèlérí láti kọ́ ilé-iṣẹ́ sí ìlú Speedway ní Indiana, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní àwọn á bá ẹgbẹ́ tó fi Indiana ṣe ibùjókòó san dọ́là 150,000 nínú owó ọkọ̀ 28 àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bọ́lẹ̀kájà, ẹ ti mọ ètò yìí tipẹ́. Òyìnbó ń ṣe ṣáàsì, kápẹ́ńtà Ọ̀wọ̀ ń kan tiẹ̀, kápẹ́ńtà Oǹdó ń kan tiẹ̀, ènìyàn sì lè dúró lókèèrè kó mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ nípa bí wọ́n ṣe kan orí ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó ń gba ẹ̀mí là, ibì kan ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ti dán an wò. Ohun tí ojú ń rí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún oníkálukú.

DeltaWing gbé ẹrù ẹ̀, ó lọ. Ní 2012 ó sáré ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Nissan, ó sì ń sáré dáadáa títí Toyota kan fi gbá a kúrò lójú ọ̀nà. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Lola wọ gbèsè tí kò lè san.

Dan Wheldon

Nígbà tí Dallara kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tuntun jáde fún ìdánwò ní oṣù kẹjọ 2011, Dan Wheldon ni wọ́n ní kó wà á. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ti gba Indianapolis 500 ní 2005, ó sì tún gbà á ní oṣù karùn-ún 2011, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú ẹ̀ gbá ògiri ní kọ́nà tó kẹ́yìn gan-an. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, kò ní ẹgbẹ́ tó ń gbé e sáré ní gbogbo ọdún náà. Àyè yẹn ló fi ráyè di ẹni tó ń dán ọkọ̀ wò.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wúwo jù, kò sì dúró dáadáa lórí ọ̀nà roboto. Wheldon ń wà á, ó ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àwọn ẹnjiníà ń tún un ṣe. Ohun tó jẹ wọ́n lógún jù lára àwòrán tuntun náà ni ọ̀rọ̀ táyà tó ń gun táyà. Wọ́n fi ìbòrí sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, wọ́n sì mú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí táyà ọkọ̀ mìíràn má bàa ráyè wọ àárín.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá 2011, ìdíje tó kẹ́yìn fún ọkọ̀ àtijọ́ wáyé ní Las Vegas. Ọkọ̀ 34 ló wà lórí ọ̀nà roboto kan tí kò gùn ju máìlì kan àti ààbọ̀ lọ. Wọ́n ti ṣèlérí mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, tí Wheldon àti òǹwòran kan máa pín, bó bá lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá kó sì borí. Ní ìyípo kọkànlá, táyà kan táyà níwájú. Ọkọ̀ 15 ló kó wọ inú ara wọn. Ọkọ̀ Wheldon gun èyí tó wà níwájú ẹ̀, ó fò, ó sì lọ gbá wáyà àti òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọmọ ọdún 33 ni nígbà tó kú.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn o. Ọkọ̀ àtijọ́ ló pa á, nípa irú ìjàǹbá tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ọkọ̀ tuntun, ọkọ̀ tuntun náà sì ni òun fúnra ẹ̀ ń dán wò lọ́wọ́. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà: DW12.

Ṣé ìbòrí táyà wá dá ikú dúró? Ó dín in kù, kò pa á rẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2013 ní Houston, Dario Franchitti, ọ̀rẹ́ Wheldon tí wọ́n ti jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà rí, wà nínú DW12 nígbà tí táyà ẹ̀ gun táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Takuma Sato. Ó fò lọ gbá wáyà. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ṣẹ́, ọrùn-ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́, ó sì farapa lórí. Ó yè, ṣùgbọ́n kò tún sáré mọ́. Àpótí tó jókòó sí ló gbà á.

Ìlérí bọ́dì

Ní ti ṣáàsì, ìgbìmọ̀ Looney ṣe é dáadáa. Ní ti bọ́dì, wọ́n kùnà. Bọ́dì oríṣiríṣi tí wọ́n ṣèlérí fún 2012 ò dé, nítorí àwọn tó ni ẹgbẹ́ sọ pé àwọn ò lówó ẹ̀. Nígbà tó dé ní 2015, Chevrolet àti Honda nìkan ló ṣe é. Wọ́n fi ìyẹ́ kéékèèké há gbogbo ara ọkọ̀, ọkọ̀ wá dà bí ẹja tó ní ẹ̀gún níbi gbogbo, ìyẹ́ wọ̀nyí sì ń já sílẹ̀ nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá fara kan ara wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà ìgbáradì fún Indianapolis 500, ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dojú dé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ti Castroneves, ti Newgarden àti ti Carpenter. Wọ́n ní láti sáré yí òfin padà kí ìdíje tó wáyé. Nígbà tó di 2018, gbogbo wọn padà sí bọ́dì kan ṣoṣo, wọ́n sì yọ ìbòrí táyà ẹ̀yìn náà kúrò.

Kápẹ́ńtà bọ́lẹ̀kájà ò fa irú èyí, torí lọ́rì ò sáré tó ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ lè fi gbé e. Ọkọ̀ tó ń sá máìlì 220 ní wákàtí kan, bọ́dì ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bọ́dì yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí àwọn ẹni méje yẹn ti ṣìnà nìyẹn, wọ́n rò pé ohun tí ojú ń rí ṣeé yà kúrò lára ohun tó ń gba ẹ̀mí là.

Irin orí awakọ̀

Àwòrán ṣáàsì tí gbogbo ọdún yẹn fi ń jiyàn lé, ibì kan wà tí kò sẹ́ni tó bò ó: orí awakọ̀. Ní oṣù keje 2009, táyà tó já lára ọkọ̀ mìíràn pa Henry Surtees, ọmọ ọdún 18, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, sípíríńgì tó jábọ́ lára ọkọ̀ kan gbá Felipe Massa lórí ní Hungary. Ní oṣù kẹjọ 2015, imú ọkọ̀ tó já gbá Justin Wilson lórí ní Pocono, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. DW12 ló wà nínú ẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe torí kí awakọ̀ má baà kú.

Formula 1 ní kí wọ́n so irin kan mọ́ ṣáàsì láti 2018. Halo ni wọ́n ń pè é. Titanium ni, kò wúwo ju bíi kìlógíráàmù méje lọ, ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù 12. Ẹ̀rọ̀ ìjà! Niki Lauda, tí iná jó nínú ọkọ̀ ní 1976, lòdì sí i, ó ní ó ń ba ohun tí eré náà jẹ́ jẹ́. Toto Wolff, ọ̀gá Mercedes, sọ pé bí wọ́n bá fún òun ní ayùn ẹlẹ́rọ, òun á gé e kúrò. Romain Grosjean, awakọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, náà wà lára àwọn tí kò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní ó burẹ́wà, wọ́n ní kò ní jẹ́ kí awakọ̀ rí ọ̀nà, wọ́n ní ewu wà nínú eré láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá 2020, ní Bahrain, ọkọ̀ Grosjean yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú eré kìlómítà 192 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ gé sí méjì. Ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró síta, àpótí awakọ̀ wọ inú irin náà, ó sì há síbẹ̀, iná sọ. Halo ló ya irin yẹn kúrò níwájú orí ẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 28 ló lò nínú iná kó tó jáde, ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló jó gan-an. Ó sọ fúnra ẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pé òun ò fẹ́ halo nígbà kan, ṣùgbọ́n òun ò bá tí máa sọ̀rọ̀ ní báyìí bí kò bá sí i.

IndyCar lo ọ̀nà mìíràn láti 2020. Wọ́n gbé férémù titanium kọ́ orí àyè awakọ̀, wọ́n wá fi gíláàsì oníke tó nípọn yí i ká, kí ohun kéékèèké náà má bàa ráyè wọlé. Ó mú kí inú ọkọ̀ gbóná bí ààrò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iwájú ọkọ̀ sì wúwo sí i, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tó ní kí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí Grosjean fi Formula 1 sílẹ̀, IndyCar ló lọ ní 2021. Inú DW12 tó ní gíláàsì yìí ló jókòó sí.

Ìwọ̀n ọkọ̀

Gbogbo ààbò tí wọ́n ń kó lé ṣáàsì ń gbé ìwọ̀n wá, àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí sì dá lé èyí. Ọkọ̀ tó bá wúwo á pẹ́ kó tó dúró, á jẹ táyà, á sì fi agbára púpọ̀ gbá ògiri. Ohun kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ń bá jà lọ́nà tiwọn: àwọn ọmọ UNILAG àti UNIBEN tó ti ṣe ọkọ̀ kéékèèké lọ sí ìdíje Shell Eco-marathon, níbi tí ẹni tó bá fi epo díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn jù ti ń borí, mọ̀ pé gbogbo gíráàmù tí wọ́n bá gé kúrò lára ṣáàsì, epo ni.

Òfin Formula 1 ti 2026 dín ìwọ̀n tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní kù láti 800 sí kìlógíráàmù 768. Àlàfo táyà iwájú sí tẹ̀yìn, tó lè tó mítà 3.6 tẹ́lẹ̀, ò gbọdọ̀ ju mítà 3.4 lọ mọ́. Ìbú ọkọ̀ dín láti mítà 2 sí 1.9. Kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá lára ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù, pé ní ìgboro tóóró Monaco, ọkọ̀ ìsinsìnyí dà bí tírélà tó fẹ́ gba inú ọjà Ọba kọjá. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n ṣe ń gé ìwọ̀n, tí wọ́n tún ń fi bátìrì ńlá kún un, ọ̀rọ̀ náà ò bára mu.

Ní ti IndyCar, DW12 tí wọ́n ṣe fún 2012 ṣì ni egungun gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń sá títí dòní. Gíláàsì awakọ̀ ti kún un, ẹ̀rọ bátìrì tún kún un ní 2024, àwọn awakọ̀ sì ń ráhùn pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ti 2028 máa fúyẹ́ jù ú lọ, ààbò ẹ̀ á sì wà nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dípò kí wọ́n máa so ó mọ́ ọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tí kò lówó ló ní láti ra ọkọ̀ tuntun pátápátá, kí wọ́n sì kó èyí tó wà nílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń sún ọjọ́ ẹ̀ síwájú láti ìgbà yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò pe ilé-iṣẹ́ márùn-ún wá fi àwòrán díje ní gbangba. Dallara náà ni wọ́n tún gbé e fún.